Ọjọ́ Tí A Fi Àpò Kòkó Dí Ariwo Mọ́tò

Mo mọ ibi tí ariwo máa ń gbà wọnú mọ́tò. Èmi kì í ṣe mẹkáníìkì o, ìjókòó mọ́tò ni wọ́n kọ́ mi láti máa rán. Ìwé mẹ́fà ni mo kà tán, mo lo ọdún kan ní girama, ibẹ̀ ló dúró sí. Bàbá mi wá mú mi lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń ṣe inú mọ́tò lọ́nà Mayfair. Nínú ilé wa ní Ìrẹmọ, èmi ni wọ́n mọ̀ sí ẹni tí kì í sọ̀rọ̀. Bí àlejò bá dé, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni mo máa ń wà títí wọn yóò fi lọ. Lọ́jọ́ tí a lọ bá ọ̀gá, ó bi mí bóyá mo fẹ́ kọ́ṣẹ́ náà lóòótọ́, mo sì ń wo àtàǹpàkò ẹsẹ̀ mi.

"Ó fẹ́," bàbá mi dáhùn. "Ẹ má wo ti pé kò lanu. Òun ni ojú ń tì, ojú kì í ti ọwọ́ rẹ̀."

"Èmi náà ò wá ẹni tó máa sọ̀rọ̀," ọ̀gá ní. "Ṣé rédíò ni mo ń tà ni?"

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, wọ́n sì parí ọ̀rọ̀ náà láàrin ara wọn. Bí ó ṣe máa ń rí nìyẹn. Ohunkóhun tí mo bá fẹ́ sọ fún àgbà, bàbá mi ló máa ń bá mi sọ ọ́.

Ìjókòó ni a máa ń ṣe jù. A ń pààrọ̀ fóòmù, a ń rán awọ, a ń fi gọ́ọ̀mù lẹ àjà mọ́tò tó bá ti já sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà kan tí àwọn olùkọ́ yunifásítì wà lẹ́nu ìyanṣẹ́lódì, ọ̀kan nínú wọn gbé mọ́tò rẹ̀ wá. Ó ní ariwo títì ti pọ̀ jù nínú rẹ̀, pé òun àti ìyàwó òun kì í gbọ́ ara wọn bí àwọn bá ń lọ sí Ìbàdàn.

"Ẹ máa dúpẹ́ o, sà," ọ̀gá mi ní. "Ọ̀pọ̀ ọkọ ló ń wá irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ kiri."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ gíláàsì ojú rẹ̀ nù. Kò níbi tó ń lọ, ó jókòó tì wá lórí bẹ́ńṣì, ó ń wo bí a ṣe ń ṣe é.

A tú gbogbo ìjókòó kúrò, a ká kápẹ́ẹ̀tì, ó wá ku irin lásán. Ọ̀gá fi ìka kan ilẹ̀ mọ́tò, ó dún gbaaan bí agogo ilé ìwé. Ó ní, "O gbọ́ ọ? Táyà ń lu títì, títì ń gbọn irin, irin wá ń kọrin sí wọn létí." A yọ́ ọ̀dà dúdú, a gé tíúbù táyà àtijọ́ ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, a sì fi ọ̀dà náà lẹ̀ ẹ́ mọ́ irin níbi gbogbo. Nígbà tí ọ̀gá tún kan ilẹ̀ náà, ó dún kù, bí ẹni tó kan ògiri amọ̀. A wá tẹ́ àpò kòkó tí a ti fọ̀ tí a sá lé e, fóòmù tẹ̀ lé e, kápẹ́ẹ̀tì ló kẹ́yìn. Èmi ni mo kéré jù lára gbogbo wa, èmi ni mo ń rá wọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ pé ohun tó wúwo ló máa ń pa gbígbọ̀n irin, ohun tó rọ̀ ló sì máa ń mu ariwo tó bá kù, àti pé bí èèyàn bá fi ihò kan sílẹ̀ tí ìka lè wọ̀, ariwo yóò gba ibẹ̀ wọlé bí omi.

Nígbà tí a parí, ọ̀gá ní kí n jókòó sínú rẹ̀ kí n ti ilẹ̀kùn. Ó dúró síta, ó ń lanu, ó ń pa á dé. Mo rí iṣan ọrùn rẹ̀, mo mọ̀ pé ó ń pariwo, àmọ́ ohùn tó wọlé sí mi kò ju ti ẹni tó wà ní ilé kejì lọ. Èémí ara mi ni mo ń gbọ́. Inú olùkọ́ náà dùn, ó ń gbá ọ̀gá lọ́wọ́. Èmi ò gbádùn rẹ̀. Mo yára ṣílẹ̀kùn jáde.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀ lé e ni bàbá mi tẹ ìṣó lóko. Ìṣó náà wà lára pákó àtijọ́ kan tí wọ́n ti ń sá kòkó lé lórí. Ó fà á yọ, ó dá epo pupa gbígbóná sí ojú rẹ̀, ó fi aṣọ dì í, ó ń bá iṣẹ́ lọ. Ohun tí gbogbo àgbẹ̀ tí mo mọ̀ ń ṣe nìyẹn, ẹnikẹ́ni ò bá a wí. Ojú egbò náà sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ san kí ẹnu bàbá mi tó bẹ̀rẹ̀ sí í le. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó gbé ife ẹ̀kọ sẹ́nu, ẹ̀kọ náà ṣàn sí i láyà.

"Kí lẹ ń fi ẹ̀kọ ṣeré fún bí ọmọdé?" màmá mi bi í.

Kò dáhùn. Ó yíjú sí wa, eyín rẹ̀ pàdé, ètè rẹ̀ fà sẹ́yìn ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bí ti ẹni tó ń rẹ́rìn-ín. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tí àwa ọmọ ń pè ní Bàbá Kékeré, wà lẹ́nu ọ̀nà, ó bá a rẹ́rìn-ín padà. Ìgbà tí omi já bọ́ lójú bàbá mi la tó mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀rín. Mo sá wọ yàrá. Títí di òní, bí mo bá rí ẹni tó rẹ́rìn-ín tí kò sọ̀rọ̀, ara mi máa ń bù máṣọ.

A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan tí nọ́ọ̀sì àgbà kan dá sílẹ̀ nítòsí ilé wa. Obìnrin náà wò ó, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì lọ ti fèrèsé, ó fi aṣọ dí i. Ó wá ń sọ̀rọ̀ sí wa kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Tẹ́tánọ́ọ̀sì ni. Ara ìṣó yẹn ló ti kó o. Gbogbo ẹran ara rẹ̀ ló ń le, kò sì fẹ́ ohunkóhun tó máa ta á jí. Ariwo, ìmọ́lẹ̀, kí ẹnìkan ṣèèṣì kọlu bẹ́ẹ̀dì, gbogbo rẹ̀ ló lè mú kó gan."

Ní agbo ilé wa, bí ẹ̀mí ẹnìkan bá ti ń lọ, àgbà ilé ló máa ń jókòó tì í láti kì í. Wọn yóò kì í ní oríkì tirẹ̀, wọn yóò kì í ní ti bàbá rẹ̀ àti ti ìyá rẹ̀, wọn yóò sì gbé ohùn sókè gan-an, kó lè mọ̀ pé àwọn èèyàn rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kó má lọ. Ìyá Àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, ló máa ń ṣe é. Ohùn rẹ̀ máa ń dé ojúlé kẹrin. Bí ó ṣe wọ yàrá náà, kò dúró gbọ́ ohun tí nọ́ọ̀sì ń wí. Ó dúró ti bẹ́ẹ̀dì, ó fa èémí gígùn kan wọnú títí èjìká rẹ̀ fi gbé sókè, ó sì bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yìn bàbá mi gbé kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì. Orí rẹ̀ àti gìgísẹ̀ rẹ̀ nìkan ló kan tìmùtìmù, ó tẹ̀ kọrọdọ bí ọrun. Kò mí. Ètè rẹ̀ ń dúdú lọ lójú mi. Nọ́ọ̀sì ti Ìyá Àgbà síta, ó sáré gún bàbá mi lábẹ́rẹ́, ó pẹ́ gan-an kí ara rẹ̀ tó dẹ̀, kó tó mí fìn-ìn.

Níta, Ìyá Àgbà ń gbọ̀n fún ìbínú. "Èmi tí mo pọ̀n ọ́n lẹ́yìn, ìwọ lo ní kí n má pè é?"

"Ẹ jọ̀ọ́, mà. Bí ẹ bá tún pè é báyẹn, ẹ máa pa á."

"Ta ló ń fi oríkì pa èèyàn? Bí gbogbo wa bá wá dákẹ́ lé e lórí, ṣé kò ní rò pé a ti gbà kó máa lọ ni?"

Nọ́ọ̀sì ò bá a jiyàn. Ó yíjú sí Bàbá Kékeré, ó ní oògùn tó lè gbà á ò sí lọ́dọ̀ òun, ilé ìwòsàn ńlá ló ní in, kí wọ́n gbé e lọ kíákíá. Bàbá Kékeré ní mọ́tò. Mọ́tò gígùn onílà ìjókòó mẹ́ta ni, ó fi ń kó èrò lọ sí Oǹdó, ó sì ti gbó. Bí ó bá ń bọ̀ láti ìyànà, àwa tí a wà nílé á ti máa gbọ́ ọ: ilẹ̀kùn ń mì, sàlẹ́ńsà ń bú, jáàkì ń lu irin lẹ́yìn. Wọ́n gbé bàbá mi sínú rẹ̀. Ẹnìkan pa ilẹ̀kùn dé, gbàmù. Bàbá mi gan. Bàbá Kékeré rò pé kí òun yára ló dára, ó ṣáná sí mọ́tò, gbogbo ara mọ́tò náà gbọ̀n, ó sì burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Wọ́n tún gbé e padà sínú yàrá dúdú náà.

Nọ́ọ̀sì jáde wá bá wa. Ó ti ń làágùn. "Bí ẹ bá fi mọ́tò yìí gbé e, kò ní dé ibẹ̀ láàyè. Bí ẹ ò bá sì gbé e lọ lónìí, èmi ò mọ bó ṣe máa di ọ̀la."

Màmá mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo ń wo mọ́tò náà, mo sì ń rí mọ́tò olùkọ́ yẹn, irin rẹ̀ tó dún kù. Ó yẹ kí n sọ ọ́ síta. Ẹni tó máa ń bá mi sọ ọ́ ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì tí eyín rẹ̀ pàdé. Ọ̀rọ̀ náà ò jáde. Mo kàn bẹ̀rẹ̀ sí í sáré ni.

Mo sáré dé Mayfair. Ọ̀gá ń gé awọ lọ́wọ́. Nígbà tó rí mi láìwọ bàtà, ó sọ àlùmọ́gàjí sílẹ̀.

"Kí ló dé? Sọ̀rọ̀."

"Mọ́tò ń pa bàbá mi."

"Mọ́tò gbá a?"

"Ariwo rẹ̀ ni. Ó ń gan. Wọ́n ní bó bá ń mì, ó máa kú. Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ wá bá mi dí i bíi ti olùkọ́ yẹn."

N kò sọ̀rọ̀ tó tó bẹ́ẹ̀ sí i láti ìgbà tí mo ti wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó wò mí. Ó ní, "Ọ̀dà máa pẹ́ kó tó yọ́, òórùn rẹ̀ gan-an á sì fún un lọ́rùn. Kí la ní tó wúwo?" Òun fúnra rẹ̀ ló tún dáhùn. "Yanrìn."

A di gbogbo fóòmù tó wà ní ṣọ́ọ̀bù mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù rẹ̀, a kó àpò kòkó, a kó tíúbù. Bàbá Kékeré ti gbé mọ́tò jìnnà sí ilé ìwòsàn náà, ó wà níwájú ibi tí wọ́n ti ń ṣe búlọ́ọ̀kù. Ọ̀gá bẹ àwọn tó ń ṣe búlọ́ọ̀kù, wọ́n bá wa da yanrìn tútù sínú àpò kòkó. A tú ìjókòó ẹ̀yìn méjèèjì jáde, a tẹ́ àwọn àpò yanrìn náà sórí irin pẹrẹsẹ, wọ́n fẹ̀gbẹ́ kanra. Mo kan irin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Kù. Àyà mi balẹ̀ díẹ̀.

Ọ̀gá ní kí n wá gbogbo ohun tó ń dún. Mo rá wọ abẹ́ ìjókòó, mo yọ sípánà, mo yọ ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò, mo yọ jáàkì, mo yọ ṣéènì kan tí Bàbá Kékeré ní òun ti ń wá láti ọjọ́ pípẹ́. Mo ki aṣọ bọ ẹ̀gbẹ́ gíláàsì kọ̀ọ̀kan títí wọn ò fi mì mọ́. Mo gé tíúbù, mo fi wé ẹnu ilẹ̀kùn, kó jẹ́ pé títì ni wọn yóò máa tì í, kò ní lè dún gbàmù. Abẹ tí mo fi ń gé e gé mi ní ìka, n kò mọ̀ títí ẹ̀jẹ̀ fi kan fóòmù. Ọ̀gá wà lábẹ́ mọ́tò, ó ń fi rọ́bà so sàlẹ́ńsà mọ́ra. Nígbà tó jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú afẹ́fẹ́ inú táyà.

"Ẹ̀ ń ba táyà mi jẹ́!" Bàbá Kékeré ké.

"Táyà tó bá le máa ń fò ni, sà. Ẹ jẹ́ kó rọ̀."

"Ó ti rọ̀ náà nìyẹn. Ó kù kí ẹ fi òrí pa á lára bí ọmọ ọwọ́ kí ẹ gbé e sùn."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, òun náà ò sì rẹ́rìn-ín. A fẹ́ atẹ́gùn díẹ̀ sínú tíúbù ńláńlá mẹ́rin, a tò wọ́n sórí yanrìn, a wá gbé fóòmù lé wọn, ìpele lórí ìpele. Ọ̀gá ní kí n dùbúlẹ̀ síbẹ̀, kí n dijú, kí n ṣe bí bàbá mi. Bàbá Kékeré gbé mi lọ títí dé ìyànà Ìlarè.

Mo dùbúlẹ̀ bí òkú. Mo ń tẹ́tí. Mo gbọ́ ẹ́ńjìnnì, àmọ́ ó ti jìnnà. A kó sí kòtò, ara mi kàn rì wẹ́lẹ́, ó tún gbé mi sókè wẹ́lẹ́. Mo ń sọ fún ara mi pé ó ṣeé ṣe, ó ṣeé ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni hóònù ké ní pẹ́ẹ̀n, pẹ́ẹ̀n, mo sì ta gìrì. Ọ̀rẹ́ Bàbá Kékeré kan ló kọjá, Bàbá Kékeré sì fi hóònù kí i, bí àwọn awakọ̀ ṣe máa ń ṣe láàárín ara wọn. Kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí a padà dé, mo sọ fún ọ̀gá létí, ọ̀gá ṣí iwájú mọ́tò, ó fa wáyà hóònù yọ.

"Ẹ ti gé mi lọ́wọ́," Bàbá Kékeré ní. "Báwo ni wọ́n ṣe máa yà fún mi lọ́nà?"

"Èmi máa wà níwájú yín lórí alùpùpù. Èmi ni hóònù."

Ọ̀sán ti pọ́n gan-an nígbà tí wọ́n gbé bàbá mi jáde. Nọ́ọ̀sì ti gún un lábẹ́rẹ́ tó ń mú ara dẹ̀, ó ti ki òwú sí i létí, ó fi aṣọ dúdú bò ó lójú. Obìnrin kan ń rọbí lọ́dọ̀ rẹ̀, kò lè bá wa lọ. Ó dì mí lápá mú. Èmi, kì í ṣe ẹlòmíràn, bóyá nítorí pé èmi ni mo sún mọ́ ọn jù.

"Abẹ́rẹ́ yìí ò ní pẹ́. Bí ẹ bá gbọ́ ariwo kan, ó ń bọ̀ wá gan, bó bá sì gan báyìí, ẹ̀mí lè má padà. Jẹ́ kí ẹnu gbogbo yín dákẹ́. Ṣé o gbọ́?"

Mo mi orí. Màmá mi jókòó síwájú. Ìyá Àgbà ní òun máa jókòó ti àbúrò òun lẹ́yìn. Bàbá Kékeré wo ilẹ̀, ọ̀gá wo mọ́tò.

"Mi ò ní sọ̀rọ̀," Ìyá Àgbà ní. "Ẹ̀yin náà, ẹ má wò mí bí àjẹ́."

Ta ló máa sọ fún un pé kó má wọlé? Mo jókòó síbi orí bàbá mi, òun jókòó síbi ìgbáròkó rẹ̀, orókún wa kanra. Ọ̀gá ti ilẹ̀kùn pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, jẹ́jẹ́, títí ó fi wọlé sí ara rẹ̀.

N kò tíì bẹ̀rù tó bẹ́ẹ̀ rí. Ìdákẹ́jẹ́ inú mọ́tò náà, èmi ni mo ṣe é, ṣùgbọ́n ó pọ̀ ju bí mo ṣe fẹ́ lọ. Mo ń gbọ́ bí itọ́ ṣe ń lọ ní ọ̀fun màmá mi. Mo ń gbọ́ èémí bàbá mi tó ń gba àárín eyín jáde, sìì, sìì, bí táyà tó ń jò. Níta, obìnrin kan ń lọ ata lójú ọ̀nà, mo rí ẹ̀rọ rẹ̀ tó ń gbọ̀n, n kò gbọ́ ohun kan dà bí alárà. Ọ̀gá ń lọ níwájú, ó na ọwọ́ kan sókè, ó ń yí orí sí ọ̀tún àti òsì, ẹnu rẹ̀ ń lọ. Àwọn èèyàn ń yà. Ọkùnrin kan bọ́ fìlà, ó rò pé òkú ni a gbé. Mo gbójú kúrò.

Mo wá ń ronú pé gbogbo ibi tí ariwo lè gbà wọlé ni mo ti dí. Bí ohun kan bá dún nínú ibí, kò níbi tó máa gbà jáde. Inú etí bàbá mi ló máa parí sí.

Ní ibi tí títì ti já, kò sí ibi tí a lè gbà yà á. Bàbá Kékeré fẹsẹ̀ lé bíréèkì, ó ń wọ́ lọ díẹ̀díẹ̀, àmọ́ kòtò náà jìn ju bí ó ṣe rò. Iwájú mọ́tò rì. Ẹ̀yìn tẹ̀ lé e. Yanrìn mu èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀, tíúbù mu díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ku nǹkan kan tó dé ara bàbá mi. Mo rí ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ tí wọ́n nà gbọn-in. Ọrùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí sẹ́yìn nínú ọwọ́ mi. Èémí sìì yẹn dáwọ́ dúró.

Ìyá Àgbà rí i. Ojú rẹ̀ fẹ̀. Mo gbọ́ ọ tó ń fa èémí wọnú, èémí gígùn yẹn, mo sì rí èjìká rẹ̀ tó ń gbé sókè. Mo mọ ohun tó ń bọ̀. Ó ti gbàgbé gbogbo ohun tí nọ́ọ̀sì sọ. Àbúrò rẹ̀ ń lọ, ó sì fẹ́ pè é padà.

Mo fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu.

Ní ilé wa, ọmọdé kì í fọwọ́ kan orí àgbà, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ẹnu. N kò rò ó. Ọwọ́ mi ti wà níbẹ̀ kí ẹ̀rù tó bà mí, nígbà tó sì bà mí, mi ò lè gbé ọwọ́ náà kúrò. Ó di ọrùn ọwọ́ mi mú. Ó le, ọwọ́ tó ti fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ fọ́ kòkó. Mo rò pé ó máa ṣẹ́ mi lápá. Mo mi orí fún un, mo ń mi orí, omi ń bọ́ lójú mi, mi ò lè sọ pé ẹ jọ̀ọ́, nítorí pé ohùn tèmi náà, ariwo ni.

Kò fa ọwọ́ mi kúrò. Ètè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mi. Ó ń kì í. Kò sí ohùn kankan, èémí gbígbóná lásán ni, àti ètè, àti eyín mélòó kan tó kù fún un tó ń kàn mí ní ẹran ọwọ́. Ó ń kì í láti ìbẹ̀rẹ̀, mo lè mọ ibi tó dé, mo lè mọ ìgbà tó bọ́ sí ti ìyá wọn. Pẹ̀lú ọwọ́ kejì, mo di orí bàbá mi mú. Màmá mi ò yíjú wo ẹ̀yìn. Bàbá Kékeré ò mọ ohunkóhun, ó ń wa mọ́tò lọ.

N kò lè sọ bó ṣe pẹ́ tó. Mo ń wo àyà bàbá mi, aṣọ tó wà lórí rẹ̀ ò mì. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé ṣé bí ó ṣe máa ń rí nìyí, pé ẹni kan máa lọ, àwọn tó kù á jókòó síbẹ̀ láìdún. Lẹ́yìn náà ni ọrùn rẹ̀ rọ̀ díẹ̀ nínú ọwọ́ mi. Sìì. Ó dákẹ́. Sìì. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ká padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá Àgbà ò dáwọ́ dúró títí a fi wọ ẹnubodè ilé ìwòsàn, èmi náà ò gbé ọwọ́ kúrò.

Ọ̀gá ti ṣáájú wa dé, ó ti bá wọn sọ̀rọ̀. Wọn ò gbé bàbá mi nìkan, fóòmù tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n di mú ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n fi gbé e wọlé. Dókítà obìnrin kan wo ojú rẹ̀, ó fi ọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó ní kí wọ́n sọ yàrá kan di dúdú fún un. Nígbà tí bàtà Bàbá Kékeré dún lórí sìmẹ́ńtì, gbogbo wa yíjú wò ó. Ó bọ́ ọ. Àwa náà bọ́ tiwa.

Wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ wa. Dókítà ní bàbá mi ti dé láàyè, pé ohun ńlá nìyẹn, ṣùgbọ́n kí a má tíì dúpẹ́. Mo kúnlẹ̀ níwájú Ìyá Àgbà. Mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́, ọ̀rọ̀ náà ò jáde.

"Dìde," ó ní. Ohùn rẹ̀ ti há. "Ọwọ́ ẹ ń rùn gọ́ọ̀mù."

Ó fà mí sún mọ́ ara rẹ̀ lórí bẹ́ńṣì náà. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, èmi náà ò sọ ọ́.

Lẹ́yìn èyí, a bẹ̀rẹ̀ sí í dúró. Wọ́n ní kò sí ohun tí àwa lè ṣe. Lójoojúmọ́ ni a ń lọ jókòó sí ìta yàrá yẹn, mo sì ń bẹ̀rù gbogbo ohun tó bá dún: kẹ̀kẹ́ oògùn tó ń yí bọ̀, ìkòkò tó bọ́ lọ́wọ́ ẹnìkan, àwọn ọmọ tó ń sunkún lójúlé kejì. Mo máa ń wá ibi tí ariwo ń gbà wọlé kiri ara ilẹ̀kùn náà pẹ̀lú ojú mi. Mo rí ibi tí ó ti là nísàlẹ̀, ọ̀gá fún mi ní fóòmù gbọọrọ kan, mo bẹ nọ́ọ̀sì kan pé kó jẹ́ kí n fi dí i. Èmi fúnra mi ni mo bẹ̀ ẹ́. Ó jẹ́ kí n fi dí i.

Nígbà mìíràn, a máa ń gbọ́ wọn tí wọ́n ń sáré wọlé lọ bá a, a ò ní mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ títí wọ́n fi jáde. Màmá mi á di etí ara rẹ̀. Ìyá Àgbà á máa wo ògiri. A ò bá ara wa sọ̀rọ̀ níbẹ̀, a fi ojú àti ọwọ́ máa ń ṣe é, débi pé nígbà tí a bá délé, ohùn ara wa máa ń yà wá lẹ́nu.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ilẹ̀kùn náà ṣí. Nọ́ọ̀sì tí mo bẹ̀ ló jáde, ó mú ṣíbí kékeré kan dání. A dìde lẹ́ẹ̀kan náà, ẹsẹ̀ wa lásán lórí sìmẹ́ńtì. Ó wò wá lójú lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ó ti gbé omi mì," ó ní.